Táyà Tó Gbé Wa Wá, Ṣé Yóò Gbé Wa Délé?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa bá ìjókòó sọ ní ọ̀sán Sátidé àpèjọ wa, nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́

  

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo bi í pé lórí kí ni. Ó ní, "Ohun tí ìwọ bá ṣáà mọ̀." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò nínú gáréèjì ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan, láti ìgbà tí mo ti ń gbé sípánà fún ẹlòmíràn títí mo fi di ọ̀gá ibẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ jù láyé yìí ni táyà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti múra láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú, ẹ forí jì mí. Táyà ni mo gbé wá.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo mú gééjì mi, mo pe ọmọkùnrin fọganáísà kan tó wà níta géètì wa, àwa méjèèjì sì rìn yíká pápá bọ́ọ̀lù níbi tí ẹ gbé mọ́tò sí. Ẹ má bínú o, mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jíìpù dúdú ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń dán bí bàtà sójà. Táyà iwájú rẹ̀ lápá ọ̀tún, tó yẹ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 33, 17 ló kù nínú rẹ̀. Mọ́tò mìíràn wà tí ojú táyà rẹ̀ ti pá débi pé wáyà inú rẹ̀ ti ń yọjú. Òmíràn sì tún wà, táyà rẹ̀ dára lójú, eyín rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọdún 2009 ni wọ́n ti ṣe é. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń wo ilẹ̀ báyìí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣé ẹ mọ mọ́tò tí táyà rẹ̀ dára jù lọ lórí pápá? Pijó 504 ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní físíìsì ni. Ọkọ̀ yẹn dàgbà ju àwọn ọmọ wa kan lọ, àmọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé, afẹ́fẹ́ wọn dọ́gba, àní ìdérí kékeré tó ń bo ẹnu ihò afẹ́fẹ́ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Baba.

Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì wa, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Baba mú ìkọ́ aṣọ onírin wọ kíláàsì, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ, tẹ̀ ẹ́ bọ̀, lójú kan náà, tí wọ́n wá ní kí ẹni tó jókòó níwájú fi ètè kan ibẹ̀? Ẹni náà fò sókè. Irin náà ti gbóná. Baba tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, ó kán. Wọ́n ní agbára tí àwọn fi ń tẹ̀ ẹ́ kò ṣáà lè ṣòfò, ooru ló dà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú ìkọ́ aṣọ yẹn.

Ẹ wò ó, táyà kọ́ ló ń gbé mọ́tò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni. Rọ́bà àti òwú àti wáyà tí wọ́n hun pọ̀ kàn ń di afẹ́fẹ́ náà mú ni. Ibi tí táyà kan fi ń kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ibi mẹ́rin bí àtẹ́lẹwọ́, òun náà ló wà láàárín títì àti ẹ̀yin pẹ̀lú gbogbo ẹbí tí ẹ kó sínú ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tó, táyà á dúró gírí. Bí kò bá tó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ibẹ̀ bá kan ilẹ̀, á tún máa nà padà nígbà tó bá kúrò nílẹ̀. Tí mọ́tò kékeré bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà rẹ̀ ń yí tó ìgbà mẹ́rìnlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìkọ́ aṣọ Baba nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ooru á máa kóra jọ nínú rọ́bà, níbi tí ojú ò tó, títí rọ́bà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára wáyà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, á bẹ́. A ó wá ní ayé ló ṣe é.

Ó yẹ kí n wá sọ ohun tí n kì í sábà sọ.

Lọ́dún 2006, èmi tí mo ń dá dírẹ́bà dúró bí kò bá yẹ táyà wò láàárọ̀, èmi tí mo ní ìwé tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí ọkọ̀ tó jáde ní géètì, mo lọ ra táyà mẹ́rin fún mọ́tò ara mi létí títì. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, eyín wọn gùn. Ẹni tó tà wọ́n ní tuntun ni. Iye tó pè kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo rí ọ̀pọ́ rà. Mi ò wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Èmi o!

Oṣù kan lẹ́yìn náà, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ láti Bìní. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, ẹrù kún ẹ̀yìn ọkọ̀. A ti kọjá Ọ̀rẹ̀. Eré mi tó 120. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró kan lápá ẹ̀yìn, gbì, gbì, gbì, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gún nǹkan lódó. Àbúrò mi ní, "Bùọ̀dá mi, kí ló ń dún yẹn?" Mo ní títì ni ò dáa. Kò pẹ́ sígbà náà tí táyà ẹ̀yìn lápá òsì fi bẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn dírẹ́bà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n má ṣe, òun gan-an ni ẹsẹ̀ mi ṣe. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ìdí ọkọ̀ yí síwájú, a wọ igbó, igi ló dá wa dúró. Ojú àpá kékeré kan ni mo ní. Àbúrò mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́ lójú méjì. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí dòní.

Kò bú mi rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dá ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, nígbà tí mo bi yín nípa ìró yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́?" Mo mọ̀. Ìró ojú táyà tó ń ya kúrò lára wáyà ni. Mo ti gbọ́ ọ lára ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń sáré lọ, torí pé mo fẹ́ dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé gáréèjì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ka ẹ̀gbẹ́ táyà. Lẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà ní ìparí: 328. Ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n nìyẹn, nínú ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 8. Láti ọdún 2000 ni nọ́ńbà ọjọ́ orí táyà ti di mẹ́rin. Tí ó bá jẹ́ mẹ́ta, a jẹ́ pé ó ti wà ṣáájú 2000. Táyà "tuntun" mi kò lè kéré sí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì lè jẹ́ méjìdínlógún. Dúdú tó ń dán yẹn, nǹkan ni wọ́n fi pa á lára.

Nítorí náà, bí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ rántí ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ orí sí. Ẹ wá DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí ẹ ò bá rí nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lápá ìta, ẹ má sọ pé kò sí. Nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, fọganáísà sì lè ti kọ ẹ̀gbẹ́ náà sínú. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Kí ẹ sì wò ó kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é tán.

Ọdún mélòó wá ni? Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó wa, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún mẹ́rin ni wọ́n máa ń wàásù rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe táyà ní tiwọn sọ pé bó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, pé bó bá di ọdún mẹ́wàá, kí a sọ ọ́ nù bó ti wù kó dára tó lójú. Nínú oòrùn tiwa yìí, èmi kì í jẹ́ kó kọjá márùn-ún. Oòrùn àti ooru a máa gbẹ rọ́bà, yálà mọ́tò rìn tàbí kò rìn. Mọ́tò tí ẹ gbé kalẹ̀ sábúlé fún ọdún Kérésì àti Iléyá nìkan, táyà rẹ̀ ń dàgbà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Lọ́dún 2012, bọ́ọ̀sì kan tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ bọ̀ láti ibi àjọ̀dún orin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, táyà iwájú rẹ̀ bẹ́, ènìyàn mẹ́ta kú. Táyà náà ti lé ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, eyín rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn tó kú ló gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, tí kò jẹ́ kí ìjọba sinmi, títí ó fi di òfin ní oṣù kejì ọdún 2021 pé táyà tó bá ju ọdún mẹ́wàá lọ kò gbọ́dọ̀ sí níwájú bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ akẹ́rù mọ́. Lọ́dọ̀ yín kan náà, òfin ní eyín táyà mọ́tò kékeré kò gbọ́dọ̀ kéré sí mìlímítà 1.6. Níbo ni ẹ rò pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ń lọ? Wọ́n a máa ki ọ̀kan bọ inú èkejì bí abọ́ tánganran, wọ́n á kó wọn sínú kọ̀ǹténà, wọ́n á sì dé ọ̀dọ̀ wa ní "tòkunbọ̀". Mo mọ̀ pé owó ni ọ̀rọ̀. Èmi náà ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà nígbà kan, Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Michelin ti ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dún 2007, Dunlop ṣíwọ́ lọ́dún 2008, bẹ́ẹ̀ igi rọ́bà ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ funfun ní Ìkálẹ̀ àti lápá Bìní. Ó máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí owó mẹ́rin kò bá sí, ẹ ra méjì tuntun ná, kí ẹ fi owó méjì tó kù ṣe àjọ.

Méjì tuntun yẹn, ẹ̀yìn ni kí ẹ dè wọ́n sí. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì yín á ní iwájú ni. Bí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, ẹ ó mọ̀ lọ́wọ́ sítíárìn, ẹ ó sì dín eré kù. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ìdí ọkọ̀ á yí kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti rí i.

Ọ̀rọ̀ kan afẹ́fẹ́. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń sọ fún fọganáísà pé, "Bá mi géèjì táyà," ohun tí a sì ń sọ ni pé kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Gééjì kì í fẹ́ nǹkan, ìwọ̀n ni. Ẹ ra tiyín, kò tó owó ẹja inú ọbẹ̀ ọjọ́ kan nínú ilé mìíràn. Iye tí afẹ́fẹ́ yẹ kó jẹ́ wà lórí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ó rí i. Iye tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ o. Ìyẹn ni ó pọ̀ jù tí táyà náà lè gbà, kì í ṣe èyí tí mọ́tò yín ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ bébà yẹn ló ní iye méjì, ọ̀kan fún ìgbà tí ènìyàn kò pọ̀ nínú ọkọ̀, èkejì fún ìgbà tí ọkọ̀ bá kún. Ẹ̀yin tí ẹ ó ra iṣu àti ẹ̀lùbọ́ padà sí Èkó, èkejì ni tiyín.

Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí táyà bá tutù, láàárọ̀ kí ẹ tó jáde, tàbí lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sinmi tó wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, àti kí ẹ tó rin ìrìn àjò. Àṣà kan wà tí mo fẹ́ kí a fi sílẹ̀: bí ooru bá mú, ẹni tó ti rìn jìnnà á dúró lọ́nà, á yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò kí táyà má bàa bẹ́. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ń lé sí i bó bá gbóná. Àwọn tó ṣe é mọ̀, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá yọ ọ́, nígbà tó bá tutù kò ní tó mọ́, ìkọ́ aṣọ Baba á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Táyà fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí a bá wò ó. Bí etí méjèèjì bá jẹ tán tí àárín ṣì kù, afẹ́fẹ́ kò tó. Bí àárín bá jẹ tí etí kù, ó pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ etí kan ṣoṣo, ẹ lọ ṣe alaimẹ́ǹtì. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn ní nǹkan bí 8,000 sí 10,000 kìlómítà, gbogbo wọn á jọ dàgbà pọ̀. Nínú àlàfo eyín táyà, ẹ ó rí òkè kékeré kan tó dábùú rẹ̀. Nígbà tí eyín bá jẹ dé orí òkè yẹn, mìlímítà 1.6 ló kù, omi òjò kò sì níbi tí yóò gbà jáde mọ́. Omi lẹ ó máa wà lórí rẹ̀, kì í ṣe títì.

Bí ìṣó bá gún ojú táyà, ẹ lẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ya, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni lẹ̀ ẹ́ fún yín, bó ti wù kó bú ìyá rẹ̀ tó pé yóò dúró. Kí ẹ má sì gbà kí wọ́n ki túùbù bọ inú táyà tí kò ń lo túùbù. Túùbù náà á máa ha ara rẹ̀ nínú níbẹ̀, á máa gbóná, lọ́jọ́ tó bá sì bẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo afẹ́fẹ́ á jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ́sítírà nínú búùtù, ẹ wọn òun náà. Ní àárọ̀ yìí, ọ̀kan wà tí ìdérí àpótí ẹja ti bò mọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ju 6 lọ.

Bí ó bá wá bẹ́ ńkọ́, lórí eré? Ẹ di sítíárìn mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ gbàgbé bíréèkì. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí ẹ fi ń sáré, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa dín eré kù, kí ẹ máa tọ́ ọ lọ tààrà. Nígbà tí eré bá ti lọ sílẹ̀ dáadáa ni kí ẹ tó rọra yà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ yín á fẹ́ lọ sí bíréèkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ọ́ fún ara yín látòní lọ, lójoojúmọ́ bí ẹ bá wọkọ̀, kí ó lè ti mọ́ ẹsẹ̀ lára kí ọjọ́ tó pé. Tèmi kò mọ́ ọn lára, ẹnu nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì gbọ́ gbì, gbì, gbì lápá kan, títì kọ́ o. Ẹ dúró.

Ogún ìṣẹ́jú mi ti pé, mo rí ojú alága. Ọmọkùnrin fọganáísà náà wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìkàwé, ó ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé. Mo ti sanwó afẹ́fẹ́ gbogbo yín fún un, yóò sì wà níbẹ̀ títí di agogo mẹ́fà. Ẹ gbé bébà inú ilẹ̀kùn yín hàn án, ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ gbá táyà kó ní ó ti tó. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ bá mi fi àmàlà tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ni táyà 2009, mo wà ní ìjókòó kejì láti ẹ̀yìn, àbúrò mi ló jókòó tì mí. Ẹ wá bá wa kí ẹ tó lọ.